Áàpù ọ̀fẹ́ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ èwo ló ní òmìnira?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Àwọn òbí tó fi ọ̀pọ̀ ọdún rí ojú ọmọ wọn ní Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà lórí Skype yóò mọ ìtumọ̀ òwe yìí. Ọdún 2003 ni Skype jáde. Ilé-iṣẹ́ Microsoft rà á ní $8.5 bílíọ̀nù lọ́dún 2011, wọ́n sì tì í pa ní ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún, ọdún 2025. Ẹlòmíràn kò lè gbà á ṣe, nítorí Microsoft nìkan ló ni àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà láti fi ṣe é.

Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ohun tí a kò sanwó fún àti ohun tó ní òmìnira. Yorùbá kò da méjèèjì pọ̀: ọ̀fẹ́ lọ́tọ̀, òmìnira lọ́tọ̀. Ọ̀fẹ́ ni WhatsApp, ṣùgbọ́n ọwọ́ Meta nìkan ni àṣẹ rẹ̀ wà. Áàpù olómìnira ni èyí tí ẹnikẹ́ni lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíràn.

Fún ọ̀rọ̀ láàárín ẹni méjì tàbí ẹbí, Signal dára. Àjọ tí kì í wá èrè ló ni ín. Ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ nìkan ló lè ka ọ̀rọ̀ yín tàbí wo fídíò yín. Àjọ náà gan-an kò lè yọjú sí i. Kódà, ọgbọ́n tí WhatsApp fi ń ti ọ̀rọ̀ pa láti ọdún 2016, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe Signal ló ti wá. Àmọ́ ẹ nílò nọ́ńbà fóònù láti forúkọ sílẹ̀.

Fún ìpàdé ẹgbẹ́ tàbí ìjọ, ẹ wo Jitsi. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nílùú Strasbourg, lórílẹ̀-èdè Faransé, Emil Ivov, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2003, ọdún kan náà pẹ̀lú Skype. Ó bọ́ sọ́wọ́ Atlassian lọ́dún 2015, ó tún bọ́ sọ́wọ́ 8x8 lọ́dún 2018, síbẹ̀ kò kú. Bí 8x8 bá tilẹ̀ fi í sílẹ̀ lọ́la, ẹlòmíràn lè gbà á ṣe. Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà kò ní gbé áàpù kankan sí i kó tó wọ ìpàdé. Láti ọdún 2023, ẹni tó bá fẹ́ ṣí ìpàdé lójú òpó Jitsi fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì Google, Facebook tàbí GitHub. Ilé-ìwé tí kò bá fẹ́ èyí lè gbé Jitsi sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Ìṣòro kan wà o: áàpù tí èèyàn yín kò sí níbẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó máa dá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ má tíì yọ WhatsApp kúrò. Ẹ kọ́kọ́ bá ọmọ yín tó wà lókè òkun sọ ọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbé Signal sórí fóònù, kí ẹ dán an wò lọ́jọ́ Àìkú kan. Bí wọ́n bá tún gba ṣòkòtò wọn lọ́jọ́ kan, kò ní bá wa níhòòhò.