Koríko Gbígbẹ Pẹ̀lú Ń Di Owó

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń sin àgbò kan tàbí méjì ní ẹ̀yìnkùlé, kí owó díẹ̀ lè wọlé nígbà ọdún Iléyá. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún kan, mo gé koríko, mo sá a fún ọjọ́ kan péré. Òjò ṣú, mo sì yára kó o sínú àpò. Nígbà tí mo ti ọwọ́ bọ àpò náà ní ọjọ́ kẹrin, ó gbóná bí ìkòkò ẹ̀kọ. Ó ti bu, ó ń rùn, àwọn àgbò mi kò sì fi ẹnu kàn án. Oúnjẹ tí mo rà fún wọn ni ó jẹ gbogbo èrè mi.

Irú koríko tí mo fi ọwọ́ ara mi bàjẹ́ yìí ni àwọn ẹlòmíràn fi ń ṣòwò lọ sí òkè òkun. Ní àfonífojì Kittitas, ní ìpínlẹ̀ Washington ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn àgbẹ̀ ń gbin koríko kan tí à ń pè ní timothy. Ilẹ̀ Jàpáánì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ. Òkè ni ó gba apá tí ó pọ̀ jù ní Jàpáánì, ààyè oko kò tó, bẹ́ẹ̀ ni màlúù oníwàrà àti ẹṣin ìje wọn kò gbọdọ̀ má jẹun.

Kí ni oníbàárà ọ̀hún ń wò? Àwọ̀ ewé tútù, òórùn dídùn, àti ìmọ́tótó. Nítorí náà, àgbẹ̀ kì í jẹ́ kí koríko gbó kí ó tó gé e, nítorí bí ó bá gbó, igi rẹ̀ á le, oúnjẹ inú rẹ̀ á sì dín. Bí ó bá ti gé e tán, a tẹ́ ẹ sí oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, a sì máa yí i. Bí òjò bá pa á níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, iye rẹ̀ á sì wálẹ̀. Kì í dì í títí omi inú rẹ̀ yóò fi tó bí ìdá 12 nínú 100. Bí omi náà bá ju ìdá 20 lọ, ìdì koríko á máa gbóná fúnra rẹ̀. Ó lè gbiná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó sì jó àká kanlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ á tún un tẹ̀ kí ó lè kún inú kọ̀ǹtẹ́nà dáadáa, wọn á sì fi oògùn pa kòkòrò tí ń ba àlìkámà jẹ́, nítorí Jàpáánì kò fẹ́ ẹ ní ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí o: kò sí ẹ̀rọ tí ó lè dá ohun tí òjò ti gbé lọ padà. Láàárín ìgbà tí dòjé kan koríko àti ìgbà tí ó dé abẹ́ òrùlé ni iye owó rẹ̀ ti ń di pípinnu.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní ẹ̀yìnkùlé wa. Nígbà tí àrọ̀kúrò bá ń lọ, ẹ gé koríko kí ó tó so èso. Ẹ má ṣe da ìtàkùn ẹ̀wà àti ewé ẹ̀pà nù. Ní ilẹ̀ Hausa, ọjà ni wọ́n ń tà wọ́n sí. Ẹ sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ máa fi sùúrù yí i, nítorí ewé ni oúnjẹ wà jù, ewé náà ni ó sì ń tètè já. Ẹ fi tapólì sí tòsí: òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa.

Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ gé díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ fi ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ kan sí i, ẹ dé e, kí ẹ sì mì ín dáadáa. Bí iyọ̀ náà bá dì mọ́ra, koríko kò tíì gbẹ. Ẹ dá a padà sí oòrùn. Bí iyọ̀ bá wà bí ó ti wà, ẹ kó koríko sórí pákó, kí ó má ṣe kan ilẹ̀.

Bí mo bá ti mọ èyí ní ọdún náà, àgbò mi ìbá jẹun yó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.