Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí katakata kékeré bá kọ̀ tí kò gbé ẹrù mọ́

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń fi katakata kékeré dáko ní Ghana, bí apá ẹ̀yìn rẹ̀ ò bá gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè mọ́, ẹ má tíì wọkọ̀ wá sí ọjà Tudu ní Accra láti ra páǹpù tuntun. Owó gidi ni páǹpù, ó sì lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ló kàn há sínú fáàfù.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ́ìlì tó ń gbé apá ẹ̀yìn náà sókè. Bó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́. Bó bá ń hó, atẹ́gùn ń wọlé. Ẹ yẹ fílítà wò pẹ̀lú.

Bí ọ́ìlì bá pé, tí ẹ̀rọ ń ké tí kò sì lágbára, ẹ fura sí fáàfù tó ń dá ọ́ìlì padà sí táǹkì nígbà tí agbára bá pọ̀ jù. Ìdọ̀tí díẹ̀ lè mú kó ṣí sílẹ̀, kí agbára máa sá lọ. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú u, kó fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń fún súkúrù rẹ̀ le láìlo géèjì ń fi ẹ̀mí ṣeré, torí páìpù lè bẹ́.

Bí apá ẹ̀yìn bá ń gbé ẹrù, àmọ́ tó ń rọra wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Oríìngì sìlíńdà tàbí fáàfù ìdarí ló ṣeé ṣe kó ti jẹ. Ẹ mú ògbólógbòó oríìngì dání wá sọ́jà. Ti mìlímítà àti ti íǹṣì jọra lójú lásán ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, kẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun. Páálí ni kẹ́ ẹ fi wá ibi tó ń jò, ẹ má fọwọ́ wá a. Ọ́ìlì tó ń ta jáde lè gún awọ ara wọlé. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí kò tiẹ̀ dùn yín.