Ògbufọ̀ Ìwé-Ẹ̀rí Láàrin Èjìgbò àti Abidjan

Nínú àpótí ìwé ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èjìgbò, oríṣi ìwé méjì ni ó máa ń wà pọ̀: èyí tí ìjọba Nàìjíríà fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, àti èyí tí ó ti Abidjan, Bouaké tàbí ìlú mìíràn ní Côte d'Ivoire wá, tí wọ́n fi èdè Faransé kọ. Ohun tí ó fà á kò pamọ́. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni àwọn ará Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ti ń bá òwò lọ sí ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń tẹ̀dó sí Treichville àti Adjamé, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń padà wá kọ́lé sí ìlú baba wọn. Anago ni àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ ń gbéra ní Èjìgbò gan-an lọ sí Abidjan, ó ń gba Sèmè, Kútọnu, Lómé, Àkárà àti Elubo kọjá. Owó séfà kì í ṣe àjèjì ní ọjà Èjìgbò, bẹ́ẹ̀ ni èdè Faransé kì í ṣe àjèjì ní ìgboro rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́. Àdéhùn yìí mú ẹnubodè rọrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú kí akọ̀wé ní Abidjan lè ka Gẹ̀ẹ́sì, kò sì mú kí ti Òṣogbo lè ka Faransé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ògbufọ̀ ti wọlé. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé-ẹ̀rí nígbà tí ó bá ń ti inú èdè kan bọ́ sí òmíràn, àti ohun tí òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù sí i ń sọ ní tòótọ́.

Ìwé ìbí àti ìwé ìbúra

Ìwé ìbí ni ó ṣe kókó jù, nítorí òun ni wọ́n fi ń gba ìwé yòókù. Ní Côte d'Ivoire, òfin ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, 1964, ni ó ṣètò bí wọn yóò ṣe máa kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀. Òfin ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá, 2018, ni ó wá rọ́pò rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni òbí ní láti lọ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, àfi kí ilé-ẹjọ́ dá sí i. Ìdájọ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní “jugement supplétif”, ni yóò dúró fún àkọsílẹ̀ tí kò sí.

Ní Nàìjíríà, Àjọ Ìkànìyàn ni ó ń fún ni ní ìwé ìbí lábẹ́ òfin 1992. Àgbàlagbà tí wọ́n bí sí Máṣífà tàbí Ìsúndúnrìn ní nǹkan bí ọdún 1950 kò sábà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ní ni ìwé ìbúra ọjọ́-orí, nínú èyí tí ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan rẹ̀ kan ti búra ní kóòtù pé òun mọ ìgbà tí wọ́n bí i. Ìwé yìí yàtọ̀ pátápátá sí “acte de naissance” àwọn Faransé. Àkọsílẹ̀ ìjọba ni ti wọn, ó ní nọ́ńbà nínú ìwé ńlá kan tí wọ́n lè ṣí wò; ẹ̀rí ẹnu ènìyàn kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni tiwa. Aṣògbufọ̀ tí ó bá pe ìwé ìbúra ní “acte de naissance” kí iṣẹ́ oníbàárà rẹ̀ lè yá ti kó onítọ̀hún sí wàhálà, nítorí nọ́ńbà inú ìwé ńlá ni akọ̀wé Abidjan yóò kọ́kọ́ béèrè, kò sì ní sí èyí tí wọn yóò fi hàn án. Kí ó pe ìbúra ní ìbúra ni ó tọ́.

Bákan náà ni ti ọjọ́ tí kò dájú. “Né vers 1948” ni akọ̀wé Faransé ń kọ fún ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 1948. Fọ́ọ̀mù Nàìjíríà ń béèrè ọjọ́ àti oṣù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ kí aṣògbufọ̀ fi ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní dí àlàfo náà. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti kúrò ní ògbufọ̀, ó ti di ẹlẹ́rìí ìbí.

Orúkọ

Ìṣòro tí ó gbòde jù ni ti orúkọ. Ohùn tí Yorùbá fi lẹ́tà “j” kọ, “dj” ni Faransé fi ń kọ ọ́; “ṣ” di “ch”, “u” di “ou”. Nípa bẹ́ẹ̀, Òjó di Odjo, Ajíbádé di Adjibadé. Bí bàbá kan bá bí ọmọ kan sí Èjìgbò, tí ó bí èkejì sí Abidjan, àwọn ọmọ ìyá kan náà lè máa jẹ́ orúkọ ìdílé méjì lójú ìwé. Akọ̀wé Faransé tún ń fi dandan ya orúkọ ìdílé sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ẹni. Ọmọ Yorùbá tí ó ní orúkọ àbísọ, oríkì àti orúkọ Mùsùlùmí kò mọ èwo ni akọ̀wé yóò fi ṣe ti ìdílé. Nígbà mìíràn ó jẹ́ Rájí, tí í ṣe orúkọ bàbá fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti agbo-ilé.

Nígbà tí bàbá bá kú ni ọ̀rọ̀ máa ń le. Báǹkì kò mọ̀ pé Adjibadé àti Ajíbádé jẹ́ ọ̀kan. Àwọn kan rò pé aṣògbufọ̀ ni ó yẹ kí ó tún orúkọ náà kọ ní ọ̀nà Yorùbá, ṣùgbọ́n kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ ṣe wà nínú ìwé àkọ́kọ́ ni yóò wà nínú èkejì, tòun ti àṣìkọ rẹ̀. Kóòtù ni wọ́n ti ń búra pé orúkọ méjèèjì ti ẹnì kan ni, wọn a sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ tí ó jọra tí kò dọ́gba

Òfin ìgbéyàwó Côte d'Ivoire ti 1964 fi òpin sí ìkóbìnrinjọ, ìgbéyàwó iwájú ìjọba nìkan ni ó sì kà kún. Obìnrin tí wọ́n ṣe ìdána fún ní Èjìgbò, tí ó bá ọkọ rẹ̀ lọ, lè wá rí i nínú ìwé pé “concubine” ni wọ́n pe òun. Nínú òfin Faransé, ẹni tí ó ń bá ọkùnrin gbé láìṣe ìgbéyàwó ìjọba ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Bí wọ́n bá tú u sí “àlè”, èébú ni, ìdílé ìyàwó kò sì ní gbà á. Bí wọ́n bá tú u sí “ìyàwó”, wọ́n ti sọ ohun tí ìwé náà kò sọ. “Obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé” ni ó sún mọ́ ọn jù, àní bí kò tilẹ̀ dùn létí.

Ti máàkì ilé-ìwé tún nìyí. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, 2002, àti nígbà rògbòdìyàn 2010 sí 2011, ọ̀pọ̀ ọmọ bá òbí wọn padà sílé pẹ̀lú ìwé BEPC tàbí “baccalauréat”. Côte d'Ivoire kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àjọ WAEC, nítorí náà ìwé wọn nílò ògbufọ̀ àti àyẹ̀wò. Lórí 20 ni wọ́n ń gba máàkì: 10 ni àṣeyege, 12 ti di “assez bien”, 14 “bien”, 16 “très bien”. Ẹni tí ó mọ́ lára láti ka máàkì lórí 100 yóò rí 12, yóò sì rò pé ọmọ náà kò mọ̀wé. Kí aṣògbufọ̀ má ṣe yí máàkì náà padà, ṣùgbọ́n kí ó fi àlàyé ìwọ̀n náà sí ìsàlẹ̀ ìwé. Èyí kì í ṣe àṣejù rárá.

Òǹtẹ̀

“Légaliser” kò túmọ̀ sí kí wọ́n sọ nǹkan di òfin. Ohun tí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì mẹ́yọ̀ ń ṣe kò ju pé kí ó jẹ́rìí sí ìfọwọ́sí, tàbí kí ó sọ pé ẹ̀dà bá ojúlówó mu. Ní Abidjan, àwọn aṣògbufọ̀ tí wọ́n ti búra níwájú Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn wà, òǹtẹ̀ wọn sì ní agbára. Ní Nàìjíríà, ẹni tí ó gbọ́ Faransé dáadáa ni yóò tú u, yóò búra ní kóòtù sí iṣẹ́ rẹ̀, ìwé náà yóò sì tọ ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lọ ní Abuja, kí ó tó dé ilé aṣojú ìjọba tí ó fẹ́ lò ó. Kí ìjọba tó kó lọ sí Abuja ní 1991, Èkó ni wọ́n ń lọ, ó sì sún mọ́ Èjìgbò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́rìí sí ìfọwọ́sí tí ó ṣáájú rẹ̀ nìkan. Kò sí èyí tí ó ń sọ pé ohun tí ó wà nínú ìwé jẹ́ òtítọ́. Bí àṣìṣe bá ti wọ ìpìlẹ̀, òǹtẹ̀ mẹ́rin kò lè tún un ṣe.

Àpẹẹrẹ kan tí ó ń dun àwọn ará Èjìgbò jù ni ti ọmọ-ìlú. Gẹ́gẹ́ bí òfin Côte d'Ivoire ti 1961, ọmọ tí òbí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ àlejò kì í di ọmọ ilẹ̀ náà nítorí pé wọ́n bí i síbẹ̀. Abala 25 òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sì sọ pé ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ òkèèrè, tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Nítorí náà ìlà tí ó sọ orílẹ̀-èdè òbí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Nínú èdè Faransé, “nigériane” ni ìyá tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, “nigérienne” ni ti Niger. Bí akọ̀wé bá ṣi èyí kọ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, aṣògbufọ̀ olóòótọ́ ní Nàìjíríà kò ní ju pé kí ó tú u bí ó ṣe wà, kí ó sì kìlọ̀ fún oníbàárà rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ ni wọ́n ti ń tún un ṣe, pẹ̀lú àṣẹ ilé-ẹjọ́ ibẹ̀, onítọ̀hún yóò sì tún wọ ọkọ̀ Abidjan.