Ọmọlangidi Nìkan Kọ́ Ló Ń Fún Nọ́ọ̀sì Nígboyà

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá ìdánrawò nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọmọlangidi lásán ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì o! Àmọ́ àyà rẹ̀ ń lọ sókè-sódò, olùkọ́ wa sì ń bá a fọhùn látẹ̀yìn gíláàsì: “Nọ́ọ̀sì, mi ò lè mí dáadáa.” Mi ò gbé e jókòó, mi ò rántí ọ́síjìn. Kí n tó mọ̀, “aláìsàn” mi ti kú.

Irú ẹ̀kọ́ yìí ti pẹ́. Láti ọdún 1911 ni wọ́n ti ń fi ọmọlangidi kan tó tóbi tó ènìyàn, Mrs. Chase, kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Hartford, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kí ló wá ń mú kí ẹ̀kọ́ náà tẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀?

Àkọ́kọ́, kó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó kọ́ kó tó wọlé. Èkejì, kí iṣẹ́ náà má rọrùn jù, kó má sì kọjá agbára rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: ìjíròrò ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Olùkọ́ mi ò bú mi. Ó ní, “Kí lo rí? Kí lo rò nígbà yẹn? Tó o bá tún un ṣe, kí lo máa yí padà?” Ibẹ̀ ni ara mi ti balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ìwé ìbéèrè tí National League for Nursing ṣe fún èyí ní ìbéèrè 13: 5 lórí ìtẹ́lọ́rùn, 8 lórí ìgboyà. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn wọn. Èrò ọkàn rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, wọn ò wọn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Mo rí i fúnra mi. Bí ọkàn àgbàlagbà bá dáwọ́ dúró, ìgbà 100 sí 120 ni a ń tẹ àyà rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, kó sì wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ó kéré tán. Mo ti ń yangàn pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀rọ inú ọmọlangidi ní rárá o, mi ò tẹ̀ ẹ́ jìn tó.

Ìgboyà dáa, àmọ́ ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú láìmọṣẹ́ léwu fún aláìsàn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí olùkọ́ bi wá léèrè bó ṣe rí lára wa, kó sì tún wo ọwọ́ wa. Èmi náà padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Mo gbé “aláìsàn” mi jókòó, mo fún un ní ọ́síjìn. Kò kú.