Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣàìsàn bó bá jí lójú oorun?

Nítorí iná mọ̀nàmọ́ná tó ń lọ tó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó ló máa ń pa ìdérí kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn dé kó lè sùn, kí bátìrì má baà tán. Bí wọ́n bá ṣí i padà, ó lè tàn, ṣùgbọ́n kó máa wọ́ bí ìgbín. Wọ́n á gbé e lọ sí Ọ̀tígbà, ní Computer Village tí kò jìnnà sí GRA Ìkẹjà, èrò wọn ni pé nǹkan ti jó nínú rẹ̀. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Nínú oorun tí wọ́n ń pè ní S3, èyí tó wà nínú ìlànà ACPI tí Intel, Microsoft àti Toshiba gbé jáde lọ́dún 1996, mẹ́mórì àti ìwọ̀nba nǹkan tí yóò jí ẹ̀rọ náà ni iná kù sí. Ṣíìpù tó ń darí ọ̀nà tí ìsọfúnni ń gbà lè gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i nínú, títí kan iye àkókò tí àmì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lò lójú ọ̀nà.

Ẹ wo díìsìkì IDE àtijọ́. Nanosecond 600 ni ìlànà PIO 0 ń lò fún ìrìn kan. 120 péré ni PIO 4 ń lò. Bí ṣíìpù bá jí sórí 600, iṣẹ́ á falẹ̀ ní ìlọ́po márùn-ún, ẹ̀rọ náà sì lè má fi àṣìṣe kankan hàn. Èyí tiẹ̀ sàn ju kí ṣíìpù máa sáré ju díìsìkì lọ, nítorí ìgbà náà ni ìsọfúnni ń dàrú.

Dráífà, ètò tó ń bá ṣíìpù sọ̀rọ̀, ló ni iṣẹ́ yìí. Kí oorun tó dé, yóò kó àwọn nọ́ńbà náà pamọ́ sínú mẹ́mórì; bí ẹ̀rọ bá jí, yóò kọ wọ́n padà kó tó jẹ́ kí iṣẹ́ kankan dé ọ̀dọ̀ díìsìkì. Àwọn dráífà mìíràn kì í tọ́jú nǹkan kan, ṣe ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lákọ̀tun, ọgbọ́n nìyẹn náà.

Ẹ pa ẹ̀rọ náà pátápátá, kí ẹ tún un tàn. Bó bá yá gágá, tó tún wá ń wọ́ lẹ́yìn oorun, dráífà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wá èyí tó jẹ́ tuntun kí ẹ tó sanwó bọ́ọ̀dù.