Ta Ló Ni Píksẹ́lì Orí Ààlà?

Ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tí ẹ ń rí nínú géèmù 3D orí kọ̀ǹpútà, ìbáà ṣe ojú ènìyàn, ìbáà ṣe òkè, àwọn onígun mẹ́ta kéékèèké ni wọ́n tò pọ̀ tó di bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló máa pinnu píksẹ́lì tó jẹ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àárín gbùngbùn píksẹ́lì ló ń wò: onígun mẹ́ta tí àárín náà bá bọ́ sínú rẹ̀ ló ni ín.

Ẹjọ́ dé bí àárín náà bá bọ́ gẹ́lẹ́ sórí ẹ̀gbẹ́ tí onígun mẹ́ta méjì jọ ní. Bí méjèèjì bá kọ̀ ọ́, ihò á yọ. Bí méjèèjì bá gbà á, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n á kùn ún, ìlà á sì hàn ketekete lára gíláàsì tàbí omi tí wọ́n ń yà. Òfin Direct3D, ètò tí ọ̀pọ̀ géèmù fi ń ya àwòrán, ni pé ẹni tí ẹ̀gbẹ́ náà bá jẹ́ òsì tàbí òkè fún ló ni píksẹ́lì. Òsì ọ̀kan kò sì lè má jẹ́ ọ̀tún èkejì, nítorí náà ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń jàre. Òfin kékeré yìí wú mi lórí, torí kò fi àyè sílẹ̀ fún àríyànjiyàn kankan, bí àwọn méjèèjì bá ṣáà ti lo igun kan náà.

Ọ̀rọ̀ ohun tó wà níwájú àti ohun tó wà lẹ́yìn kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní 1974, Ed Catmull kọ ọ́ sínú ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Utah pé kí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan máa rántí bí ohun tó sún mọ́ ọn jù ṣe jìnnà tó. Àmọ́ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń rántí ní òpin. Bit 24 kò lè mú ju nọ́ńbà 16,777,216 lọ, ìtòsí kámẹ́rà ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí kámẹ́rà bá ń wo nǹkan láti sẹ̀ǹtímítà 10 dé kìlómítà 1, ìdajì wọn ti tán kí ó tó dé sẹ̀ǹtímítà 20. Tó bá fi máa dé mítà 500, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 ló wà láàárín nọ́ńbà kan àti èkejì. Ẹ lẹ pátákó mọ́ ògiri níbẹ̀: píksẹ́lì kan á mú pátákó, èyí tó tẹ̀ lé e á mú ògiri, bí kámẹ́rà bá sì yẹ̀ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tún dàrú. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní z-fighting.

Bí wọ́n bá ti ibi tí kámẹ́rà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wò sí mítà 1, àlàfo yẹn á dín kù sí sẹ̀ǹtímítà 1.5, ṣùgbọ́n ohun tó bá sún mọ́ ojú ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní hàn mọ́. Ohun tí Unreal, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ń ṣe ló dára jù lójú tèmi: ó fún ìtòsí ní 1, ó fún ọ̀nà jíjìn ní 0, ó sì ń lo irú nọ́ńbà aládẹ́símà tó máa ń ṣe wẹ́wẹ́ sí i bó bá ṣe ń sún mọ́ 0.