Òórùn ẹja kọ̀, kò kúrò lára ike: Ẹ má tíì sọ ọ́ nù, ọ̀nà wà!

Ẹni tó bá lọ sí Ibiade lópin ọ̀sẹ̀, tó padà sí Èkó nírọ̀lẹ́ Sunday, ẹ kò ní í bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Imú yín á ti sọ fún yín. Ẹja yíyan ló kó bọ̀, torí etí omi ni wọ́n wà ní Ogun Waterside níbẹ̀, láti Iwopin títí dé Makun-Omi. Ẹni tó bá sì mọ ìkọ́kọrẹ́ Ìjẹ̀bú dáadáa mọ̀ pé ewùra nìkan kò tó o, ẹja yíyan ló ń mú un débi téèyàn fi ń lá ọwọ́.

Wàhálà kò sí nínú ìyẹn. Àárọ̀ Monday ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ti bu ìkọ́kọrẹ́ sínú ike, ọkọ ti gbé e lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ó gbé e sínú máíkírówéèfù ọ́fíìsì. Ìṣẹ́jú méjì péré, gbogbo èèyàn ti mọ ohun tó fẹ́ jẹ. Ẹnìkan á yínmú, ẹnìkan á sáré ṣí fèrèsé, ẹlòmíràn á ní, "Ta ló tún gbé kiní yìí wá o?" Torí irú ìtìjú yìí làwọn kan kò ṣe gbé oúnjẹ ilé mọ́, tí wọ́n ń fowó gidi ra oúnjẹ lójoojúmọ́, nígbà tí ìkòkò ọbẹ̀ wà nílé.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìrẹsì funfun tí wọ́n bù sínú ike yẹn náà á máa rùn bí ẹja. Wọ́n á fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ̀ ọ́ títí, pàbó ló máa já sí.

Kí ló fà á gan-an?

Gíláàsì kì í fa nǹkan mu, ṣùgbọ́n ike máa ń fa epo mu, epo yìí ló sì gbé òórùn dání. Òórùn èéfín ara ẹja yíyan fẹ́ràn epo ju omi lọ, ìdí nìyẹn tí omi lásán kò fi ràn án. Máíkírówéèfù wá tún ń dá kún un. Omi inú ọbẹ̀ á hó tó bá ti gbóná tó nǹkan bíi digírì 100, ṣùgbọ́n epo pupa lè gbóná kọjá ìyẹn dáadáa. Ibi tó bá ti kan ike, ike á rọ̀, epo á ráàyè wọlé. Ẹ wo ibi tí ọbẹ̀ dé dúró lára ike yín, ẹ ó rí àmì pupa níbẹ̀.

Lọ́dún 1945 tí Percy Spencer, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Raytheon l'Amẹ́ríkà, rí i pé ṣokoléètì yọ́ sóun lápò nídìí ẹ̀rọ rédà, tí wọ́n sì tibẹ̀ ṣe máíkírówéèfù, ta ló jẹ́ ro ti ìkọ́kọrẹ́ mọ́ ọn?

Ti ẹja òkun bíi pánlá àti ṣáwá tún yàtọ̀. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní trimethylamine ló ń mú wọn rùn, kò sì lágbára lórí ohun kíkan. Bí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà bá ti kàn án, á di oríṣi iyọ̀ kan tí kò lè fò sínú afẹ́fẹ́ mọ́, omi á sì gbé e lọ. Àwọn ìyá wa tó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹja kò ṣe àṣìṣe.

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé

Tútù la ti í ká ẹja kò, bó bá gbẹ tán, kíkán ló máa kán. Ẹ má jẹ́ kí ike sùn mọ́jú pẹ̀lú ọbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi tíṣù nu epo kúrò, kẹ́ ẹ tó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ yọ rọ́bà tó wà lára ọmọrí rẹ̀, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni òórùn máa ń sá pamọ́ sí.

Tó bá ṣì ń rùn, ẹ po fínígà àti omi ní ìlàjì-ìlàjì, kẹ́ ẹ rẹ ike sínú ẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan. Bó bá jẹ́ òórùn èéfín tàbí irú ni, ẹ po ṣíbí ìjẹun méjì baking soda mọ́ lítà omi kan, kó wà níbẹ̀ mọ́jú. Ẹ má pa fínígà àti baking soda pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọ̀kan máa pa agbára èkejì ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i sílẹ̀ sóòrùn. Ẹ má sì dé e tó bá ti gbẹ, ẹ jẹ́ kó máa mí.

Ní ti máíkírówéèfù fúnra ẹ̀, ẹ bu omi sínú abọ́ gíláàsì, ẹ gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ ki ṣíbí onígi bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ má fojú kéré ṣíbí yẹn o, torí omi tí kò hó lójú lè bẹ́ síni lójú lójijì. Ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn, kẹ́ ẹ wá nu inú ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o!

Àwọn kan á ní bílíìṣì ló kù. Ẹ má dan an wò pẹ̀lú fínígà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́! Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jẹ́ chlorine ló ń jáde níbẹ̀, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bákan náà, ike áísíkiriìmù àti ti bọ́tà tí a ń tún lò kì í ṣe ti máíkírówéèfù. Wọ́n fi wọ́n ṣe fún ohun tútù ni. Ike tó ti họ, tó ti yípo, tàbí tó ti pọ́n kọjá fífọ̀, ẹ fi kó ìṣó sí.

Ẹni tó bá lágbára ẹ̀, kó ra abọ́ gíláàsì tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ṣeé gbé sínú máíkírówéèfù. Ẹ bu ìkọ́kọrẹ́ yín sí i, kẹ́ ẹ bò ó nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé e kaná. Ẹ ó jẹun àgbà, owó yín á sì wà lápò. Ẹni tó bá ṣì ń yínmú, ẹ bù fún un kó tọ́ ọ wò.